Káàdì Tí Inki Rẹ̀ Kò Tíì Gbẹ

Ọgbọ̀njọ́ oṣù kìíní, Ṣómólú ò sùn.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé,
ẹgbẹ̀ta káàdì ni ìjọ Àgùdà ń retí láàárọ̀ ọ̀la,
ojú Jòhánù Bósíkò ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wàkílù, rọra mú un, má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lójú.
Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí bàbá rẹ̀ fi kú.
Ó dàgbà díẹ̀, ó ń rìn lórí okùn
bí ológbò lórí ògiri,
àwọn ọmọ ń wòran;
owó ìwòran, àdúrà ni.
Ó sì lálàá: ẹranko tó ń bú ramúramù
di ọ̀dọ́ àgùntàn lójú ẹ̀.

Ẹranko bẹ́ẹ̀ lèmi náà lábẹ́ afárá Apọ́ngbọ́n,
abẹ lápò, ebi nínú.
Mo jí bàtà Fádà Anselímù.
Kò pe ọlọ́pàá. Ó ní,
"Ó tóbi jù fún ẹ. Wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán an."
Mi ò mọ̀ ọ́n rán. Abẹ́rẹ́ gún mi títí,
ló bá fà mí wá sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.
Kò nà mí rí.
Ẹgba ni mo mọ̀ ọ́n sá fún,
ta ló ń kọ́ni bí a ṣe ń sá fún inú rere?

Wàkílù,
mo mọ̀ pé ìdì pépà kan dín.
Mi ò bi ẹ́.
Fa àpótí yẹn sún mọ́bí, jókòó.
Ó ku igba káàdì,
ọwọ́ rẹ ni n ó fi wọ́n sí.