Aládùúgbò Tí Kò Dáhùn

Òjò ọ̀gànjọ́ ń lu páànù ọsibítù ní Ìkọ̀lé.
Iná ìjọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná.
Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́mi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, bàtà rẹ̀ rin gbingbin:
"Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò ní lábù.
Èsì kò jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa.
Ó ti tó wákàtí kan."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́,
ojú dúdú, lẹ́tà funfun,
àmì kan ṣoṣo tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.
Mo tẹ ip neigh, mo tẹ Ẹ́ńtà,
sáfà sì ka àwọn aládùúgbò rẹ̀ fún mi.

Níbẹ̀, olúkúlùkù ló ní orúkọ méjì.
Ọ̀kan ni nọ́ńbà yàrá tí a háyà fún un,
tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la kí a fi fún ẹlòmíràn.
Èkejì ni ilà tí wọ́n ti kọ fún un níbi tí wọ́n ti rọ ọ́,
àmì méjìlá, ní méjì-méjì.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi, ulé ló ń pe ilé,
usu ló ń pe iṣu títí ó fi wọlẹ̀,
tíṣà wa sì ní pàṣán ló wà fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.
Ilé náà kò yẹ̀ kúrò lójú kan.

Ilé oògùn wà, ó ń dáhùn.
Ọ́fíìsì owó wà, ṣùgbọ́n wọn ò ti sọ̀rọ̀ fúnra wọn láti ọ̀sán,
sáfà ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un mọ́.
Yàrá ìgbẹ̀bí: a pè é, a pè é, ó dákẹ́.
Nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé:
wọ́n kọ láéláé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láéláé!
Ọ̀gá Ògúntuàṣe ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́,
èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì fún un lọ́jọ́ náà.
Ó ní, "Sáfà yìí máa ń gbàgbé èèyàn,
jẹ́ kí n kan eléyìí mọ́ ọn lórí bí ìṣó."
Ẹ̀rọ tó ń wí, àrá sun ún lóṣù kẹjọ.
Ọ̀gá fúnra rẹ̀, a sin ín sí Ìpaò kí ọyẹ́ tó dé.
Ẹ̀rọ tuntun dé lọ́jọ́ Ajé,
mo fún un ní yàrá olóògbé, n kò rántí ìṣó.

Láti wákàtí kan ni sáfà ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọ
lọ fún ẹni tí kò sí nílé.
Kò bínú. Kò bèèrè lọ́wọ́ ará ilé kejì.

Mo fa bébà pélébé kan, mo da àmì méjìlá náà kọ.
N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Bí a bá ń sunkún, à máa ríran:
ip neigh del,
ìka mi dúró lórí Ẹ́ńtà.
"Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"
Mo tẹ̀ ẹ́.

Ìlà náà lọ. Kò dún.
Sáfà bọ́ sí àgbàlá wáyà, ó ké sí gbogbo ilé:
"Ta ló ń gbé ní kẹtàdínlógún? Èmi ni mò ń bèèrè o!"
Gbogbo wọn gbọ́, wọ́n dákẹ́,
ẹni tí a kò pè kì í jẹ́,
àfi ohùn kan tí a kò tíì mọ̀:
"Èmi ni. Ilà mi nìyí."

Ní ìsàlẹ̀ kọ́rídọ̀, ẹ̀rọ tuntun họ ọ̀fun,
bébà kan, bébà kejì.
Nọ́ọ̀sì ti sáré lọ kí n tó dìde.
N kò mọ ohun tó wà nínú èsì náà.

Mo tún wo àkọsílẹ̀. Ilà tuntun ti wà níbẹ̀.
N kò kan ìṣó mọ́ ọn.
Kí ó máa gbàgbé, kí ó sì máa bèèrè.
Bébà pélébé yẹn wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì mi,
ó di ọjọ́ tí mo bá fọ aṣọ.