Èémí Nínú Àpò

Kí ẹ̀rọ tó dé,
ìyá mi ló ń ka èémí bàbá mi.
Lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkè-Sópẹn,
ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí aago mẹ́wàá alẹ́,
á gbé àtùpà sókè, á ní,
“Ṣówándé, fẹ́ ẹ kí n gbọ́.”
A kì í rí òórùn. Gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ.

Bàbá á ti jẹ orógbó méjì kó tó yà wọ agbolé,
á ti fi omi kànga ṣan ẹnu.
Imú ìyá mi á ṣà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ
bí ẹni ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà:
“Ògógóró, ife kan. Rárá, méjì.
Ẹja yíyan. O sì fa sìgá Kọ́yà, má purọ́.”
Bàbá á bú sẹ́rìn-ín, á wọlé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi la igi ní sọ́míìlì:
ìrókò, ọ̀mọ̀, àràbà, àfàrà.
Eruku pupa, eruku funfun.
Bó bá ti sín, ó ti mọ igi tó wà lẹ́nu ayùn.
Kò bo imú. Ta ló ń bo imú nígbà náà
àfi ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ewúrẹ́?

Ikọ́ náà kò dé bí àlejò.
Ó dé bí ọmọ ilé, kò kan ilẹ̀kùn.
A ní òtútù ni. A ní ọyẹ́ ni.
Ìyá mi ti kú lọ́dún mẹ́ta ṣáájú,
kò sẹ́ni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní Ṣàgámù, ní ọsibítù,
Dókítà Òṣínówò, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún,
yọ àpò kan tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.
Ó ní ohun tó bá ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró
a máa ní òórùn tirẹ̀, tín-ín-tín,
tí imú èèyàn kò lè gbọ́,
pé ẹ̀rọ tó wà ní yàrá kejì lè gbọ́ ọ.
Pé ìwádìí ṣì ni. Pé a ó ṣì ya fọ́tò àyà.
Kò fi dídùn bò ó. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

“Bàbá, ẹ fi ẹnu sí i. Ẹ fẹ́ ẹ.”

Bàbá wò mí.
Fẹ́: ohun tí à ń fi èémí ṣe sí iná,
ohun tí à ń fi ọkàn ṣe sí èèyàn.
Ó fẹ́ ẹ. Àpò wú díẹ̀, ó dúró.
Ikọ́ dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó tún fẹ́ ẹ.
Mò ń kà á nínú mi: ẹ̀ẹ̀mẹfà
kí ohun tí ọmọdé á fi èémí kan ṣe
tó kún.

Ọmọbìnrin náà dé e lẹ́nu, ó lẹ ìwé mọ́ ọn:
Ṣówándé, ọkùnrin, ọdún méjìdínláàádọ́rin.
Mo wo èémí bàbá mi lórí tábìlì,
ó jókòó lọ́tọ̀, bàbá mi jókòó lọ́tọ̀.
N kò rí irú rẹ̀ rí.
Ṣé wọn á gbọ́ ọ̀mọ̀ nínú rẹ̀? Sìgá Kọ́yà?
Alẹ́ tó sunkún lẹ́yìnkùlé, tó rò pé a ti sùn?

Bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ ń ha bí ayùn tó kú:
“Ẹ̀rọ yín yìí, ṣé ó mọ ògógóró?”
“Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá.”
“Ife mélòó?”
Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè mọ ìyẹn.
Bàbá mi orí.
“Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n ní ká padà wá ní Ọjọ́bọ̀.
Nínú ọkọ̀, lẹ́yìn Òdógbolú, ó sùn,
orí rẹ̀ léjìká mi, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.
Mo gbé imú súnmọ́ ọn bí ìyá mi.
Orógbó. Róòbù tí mo fi pa á láyà.
Nǹkan kan tún wà lábẹ́ wọn
tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.
N kò gbé imú kúrò títí a fi dé Òrù.
Mò ń gbọ́.