Lítà Mẹ́rìndínlógún

Lítà mẹ́rìndínlógún ni ọkọ̀ bàbá mi ń mu
kí ó tó rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà.
Mo rí i nínú ìwé tó fi rọ́bà so mọ́ ibòjú oòrùn,
pẹ́ńsùlù, ọwọ́ wínníwínní bí ipasẹ̀ èèrà:
ọjọ́, epo, ọ̀nà tó rìn, afẹ́fẹ́.
Bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́. Ní Patagóníà
ẹni tó bá ṣírò epo láìṣírò afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn.
"Ìwọ̀-oòrùn, ó le." "Ìwọ̀-oòrùn, ó le." "Kò sí. Ìyanu."

Fọ́ọ̀dù akẹ́rù, ọdún mọ́kànlélógójì.
Ọdún kan náà ni èmi àti ẹ̀ dé ilé Anselmo;
òun ló kọ́kọ́ dé, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fọ̀.

Láti àgbàlá wa dé ilé ìwòsàn Esquel,
igba kìlómítà ó dín mẹ́wàá ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀,
lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀,
nítorí ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi ń ṣe bíi kábúrétọ̀ tó dọ̀tí.
Owó irun àgùntàn ọdún yìí kò tó nǹkan.
Mo ṣírò lálẹ́, mo tún un ṣe.
Ìṣirò kì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ni mo bá ránṣẹ́ sí Rosendo Painemil, atún-katakata-ṣe.
Kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fẹsẹ̀ ta taya:
"Nélida, èyí rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì.
Kò yí mọ́, ó ń wọ́ ni."
A fẹ́ ẹ le. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì,
mẹ́ta nínú mẹ́fà ló dúdú bí ìdí ìkòkò.
A yọ fílítà: eruku ogún ọdún, pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ kan.
"Imú ẹ̀ dí, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tó ń mí helehele."
Búrékì ẹ̀yìn lápá òsì ti di taya mú
láti ìgbà wo, Ọlọ́run ló mọ̀.

Ó di mẹ́rìnlá.

Ó ku ẹrù.
Mo tú irin ìkẹ́rù orí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń súfèé.
Mo sọ ṣéènì yìnyín kalẹ̀, wáyà ọgbà, bátìrì tó ti kú,
kẹ́ẹ̀gì tí kò nídìí,
gàárì ẹṣin tó kú kí n tó lọ́kọ.
Gbogbo rẹ̀ ló ń fi ohùn bàbá mi bá mi wí:
fi í sílẹ̀, ọjọ́ kan á wúlò.
Rosendo ní kí n máa tẹná
bí ẹni pé ọmọ tuntun sùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Lítà méjìlá àti ààbọ̀!
Mo gbé ìwé náà lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ó wò ó pẹ́. Ó yọ rọ́bà kúrò nímú.
"Afẹ́fẹ́ ńkọ́? O kò kọ afẹ́fẹ́."
Mo jẹ́wọ́: ẹ̀yìn ló ti ń tì mí.
Ó rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé.
"Kọ mẹ́tàlá, olè."

Mo kọ mẹ́tàlá.
Nígbà tí mò ń bọ̀, afẹ́fẹ́ kojú mi.
Gàárì ń fò sókè sódò lẹ́yìn ọkọ̀.
N kò tíì sọ fún Rosendo.