Ìwé Ooru Dulamsuren

Ọgbọ̀n ọdún ni Dulamsuren fi ṣe akọ̀wé ojú ọjọ́
ní ibùdó kékeré kan lẹ́yìn Dalanzadgad,
níbi tí aṣálẹ̀ Gobi tẹ́ bí ẹní tí kò sẹ́ni tó máa ká a.
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́ ló ń jáde lọ sídìí àpótí funfun,
á ka ooru, á ka òtútù,
á kọ ọ́ sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí Ulaanbaatar.
Nígbà òtútù, bírò a máa dì.
Á fi há abíyá kó tó lè kọ̀wé.
Ìjọba fún un lówó ìfẹ̀yìntì àti aago ògiri kan.
Ó fowó ra mọ́tò.
Aago kò lò ju ọdún kan lọ.

Àgbà mọ́tò ni, Japan ló ti wá,
èdè ibẹ̀ ló sì fi ń kí èèyàn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ.
Ọlọ́kàn méjì: ọ̀kan ń mu epo, ọ̀kan ń jẹ iná.
Bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á máa rìn,
bó bá di òkè, wọ́n á jọ fà á.
Ṣùgbọ́n iná pupa kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo àìsàn rẹ̀,
kì í sì í tàn àfi tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán.
“Ta ni yóò dúró de ìyẹn?”
Ó ra nǹkan kan tí kò tó páálí ìṣáná,
ó kì í bọ abẹ́ sítíárì,
ó so ó mọ́ fóònù àtijọ́ tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀
kó tó kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Korea.
Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.
Omi ẹ́ńjìnì, méjìdínláàádọ́rùn-ún.
Ìnfátà, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Bátìrì lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, mẹ́rìndínlógójì,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ara èèyàn.

Oṣù keje. Chuluun darandaran wọkọ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀
àti àpò irun àgùntàn méjì.
Ó ti ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kó lè gbà.
Wọ́n gbéra.
Mọ́kànlélógójì. Chuluun ń ròyìn ẹṣin rẹ̀ tó sá lọ.
Mẹ́rìnlélógójì.
Èdè tiwa lọ́gbọ́n kan níbí yìí:
títí dé mẹ́rìnlélógójì, à ń lé e ni;
tó bá ti kan karùn-ún, a ó yíjú padà,
a ó máa dín in lára àádọ́ta tí kò tíì dé.
Èyí tó ń bọ̀ la ti ń pè lórúkọ.
Dulamsuren ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó mọ ìṣirò yẹn.
Ó dẹ ẹsẹ̀. Mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ó ṣí fèrèsé, eruku ló wọlé. Mọ́kàndínláàádọ́ta.
Ó dúró.

“Kí ló dé? Ṣebí ó ń lọ.”
“Ó ń lọ.”
Ó gbé àpò jù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta gbígbóná,
ó ki ìka méjì bọ ihò tí fáànù bátìrì fi ń mí,
ó ń fà á yọ:
irun àgùntàn, irun ràkúnmí,
bébà suwítì, òwú kúbùsù,
ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan, ẹ̀gbẹ́ kan péré.
“Ta ló nìyẹn?” ni ọmọbìnrin náà bi í.
Dulamsuren gbọn eruku rẹ̀.
Ẹlẹ́sẹ̀ náà á ti dàgbà jù ú lọ báyìí, ní Incheon.
Ó fi sápò.

Ooru kì í jáde bó ṣe wọlé.
Wọ́n jókòó síbòji mọ́tò, wọ́n ń jẹ wàrà gbígbẹ
tó le bí eyín, tí Chuluun tú sórí fìlà rẹ̀,
títí nọ́ńbà fi wálẹ̀ sí mọ́kàndínlógójì.
Àpò kejì gun orí ọkọ̀ lọ.

Lálẹ́, ó ṣí ìwé. Kò sí ọ́fíìsì tó ń retí rẹ̀.
Ó fa ìlà bó ṣe máa ń fà á tẹ́lẹ̀:
aago, ibi, afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì, ìnfátà, bátìrì.
Lábẹ́ “Àkíyèsí,” ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́:
Ìbọ̀sẹ̀ kan.