Kò Dá Ara Rẹ̀ Lóhùn

Ṣé ẹ ti pe ènìyàn rí lórí fóònù
tí ohùn ara yín ń padà wá kàn yín létí,
tó ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn yín bí ọmọ tó ń sín yín jẹ?
Ẹ ó kólòlò. Ẹ ó dúró. Ẹ ó ní, "Hẹ́lò? Hẹ́lò?"
Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti tò sílẹ̀ á fọ́n ká bí ẹja inú àwọ̀n tó ya.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lésà àtijọ́ ṣe máa ń ṣe
nínú yàrá irin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru
lẹ́yìn Pópó-Ọbá, ní Ẹ̀pẹ́.
Ó ń ju ìmọ́lẹ̀ sínú okùn dígí
tí kò nípọn ju irun orí lọ,
ìmọ́lẹ̀ ń sáré lọ sí Ìbẹ̀jù, ó ń lọ sí Èkó,
ó gbé owó oṣù ẹnìkan dání, ó gbé àwòrán ọmọ tuntun,
ó gbé "ẹ kú ewu ọmọ", ó gbé èébú.
Ṣùgbọ́n bí hóró eruku kan ṣoṣo bá bà sójú ìsopọ̀,
ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á forí sọ, á yí padà,
á sáré bọ̀ wálé bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́.
Lésà á gbọ́ ara rẹ̀. Ó parí nìyẹn.
Á máa gbọ̀n, á máa yí ohùn padà,
gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán an á di ariwo.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹ̀ṣọ́ síwájú rẹ̀,
ilẹ̀kùn kékeré tó ń sọ fún ìmọ́lẹ̀ pé: máa lọ, má bọ̀.
Nígbà mìíràn, owó ẹ̀ṣọ́ a máa ju owó ẹni tó ń ṣọ́ lọ.

Ní Àlàmísì kan, lẹ́yìn ìrun alẹ́,
Adéṣànmí dé láti yunifásítì pẹ̀lú páálí kan.
Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó èékánná ọmọ ìkókó.
"Múìná," ó ní, "èyí kò lo ẹ̀ṣọ́."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta bátìrì.

Ó fi bírò kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́yìn rìsíìtì dísẹ́ẹ̀lì: ọkọ.
"Wo àmì kékeré abẹ́ rẹ̀. Yọ ọ́ kúrò,
ọkọ á di oko, ìyàwó á sì máa fi àdá wá a.
Ohun tó kéré ju ìyẹn lọ fíìfíì ló kún inú lésà yìí,
èérún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ojú kò lè rí,
ọ̀kọ̀ọ̀kan há iná tirẹ̀ mọ́ àyè tóóró,
iná kò ríbi ṣẹ́sẹ̀ yà sí.
Bí ìmọ́lẹ̀ tó padà bá kàn án lára,
agbára rẹ̀ lè ròkè ròdò díẹ̀,
ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀."

Mo so ó mọ́ okùn. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ojú ìsopọ̀
(ọ̀gá mi kò gbọdọ̀ gbọ́).
Ìmọ́lẹ̀ padà. Mo rí i lórí ẹ̀rọ pé ó padà.
Lésà ò wojú rẹ̀.

Bàbá mi, Sàbítíù, ló sọ sí mi lọ́kàn.
Nínú kùrukùru ọyẹ́, á dúró létí ọ̀sà,
á máa pe ọkọ̀ tó wà lódìkejì:
"Wàídì ooo! Gbé e bọ̀ o!"
Igbó á dá a padà: bọ̀ o… bọ̀ o…
Èmi ọmọdé á bá igbó jà, màá gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.
Bàbá mi kò ní yí orí.
Á parí ìpè rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,
títí imú ọkọ̀ Wàídì á fi yọ.

Kí n má parọ́: ó ní ìwọ̀n.
Bí ohun tó ń padà bá pọ̀ jù, lésà èérún náà á mì.
Lọ́jọ́ tí ìyá mi kú, bàbá mi dúró síbi kan náà,
ó pe orúkọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan,
igbó dá a padà,
ó sì dákẹ́ kí ìpè tó parí.

Aago mẹ́ta òru. Adéṣànmí ti sùn sórí àga.
Mo nu ojú ìsopọ̀ náà,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kò pọndandan mọ́.