Ọwọ́ Tí Ìfági Náà Mọ̀

Ní Oamaru, níbi tí òkun gúúsù ti ń fi iyọ̀ kun pátákó ilé,
ilé ìkẹ́rùsí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan wà, páànù rẹ̀ ti dípẹtà.
Gbogbo Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá, a máa ń ṣí i.
A kì í ṣe káfíńtà. Ẹ má pè wá bẹ́ẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Dugald fi wa bọ́ọ̀sì kó tó di ayùn mú;
Rewi rẹ́ irun àgùntàn jẹun; èmi ka owó olówó ní báńkì.
Igi ló kó wa jọ, igi àti ìbéèrè.

Ìbéèrè! Ẹni tó bá wọlé láìní ọ̀kan, tíì nìkan ló wá mu.
Dugald ní, "Ilẹ̀kùn mi ń wú bí òjò bá rọ̀;
ṣé kí n fá a ni, àbí kí n dúró de ẹ̀ẹ̀rùn?"
"Àtè wo ni omi ò lè tú?"
"Ta ló jí pẹ́ńsùlù mi?"
(Ó wà lẹ́yìn etí rẹ̀.)
Nítorí òróró àti fáníìṣì, ọ̀rẹ́ méjì ò kí ara wọn láti oṣù kẹta.

Ọjọ́ tí Fenella dé, afẹ́fẹ́ ń jà.
Ó gbé nǹkan dání, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun:
ìfági bàbá rẹ̀.
Ó ní òun ń tún fèrèsé ilé bàbá òun ṣe,
òun ti pọ́n abẹ rẹ̀, òun ti tò ó kó gún,
ṣùgbọ́n bí òun bá tì í, ọwọ́ a máa dun òun,
igi a sì máa fà ya bí àkísà.

A gbà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo tì í lórí pátákó rimu: ó ta mí nù bí ẹṣin tí kò mọ̀ mí.
Dugald ní abẹ ni. Ẹlòmíì ní à ń fá igi lódì ni.
Rewi ò sọ̀rọ̀. Ó di ojú,
ó ń fi ìka tọ ìdìmú náà bí ẹni ń wá orí ìṣó lára ògiri.
Ojú àtàǹpàkò jin níbẹ̀, ó jin dáadáa,
àmọ́ apá ọ̀tún ló wà.
Ó gbé e sí ọwọ́ òsì. Ó ṣe wẹ́kú.

"Ṣé ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá ẹ?"
"Rárá o. Ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé sí mi,
ọ̀tún ló fi ń gé búrẹ́dì, ọ̀tún ló fi ń juwọ́ sí mi ní ibùdókọ̀."

Dugald bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún nù ún.
"Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí nílé ẹ̀kọ́, èmi àti Lorne.
Tíṣà wa a máa fi okùn bàtà so òsì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì,
títí ọ̀tún fi kọ́ lẹ́tà kíkọ.
Mi ò mọ̀ pé ó tú u sílẹ̀ rí."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.
Wọn ò ní ká má fi kọ́ ọ.
Òsì kì í ṣe òṣì.
Lorne kó ọ̀tún jáde bí aṣọ ìjáde, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sí báńkì mi
(mo ti rí i tó ń fọwọ́ síwèé, lẹ́tà rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ọtí ni).
Bó bá wá di alẹ́, nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé,
bó bá ti ilẹ̀kùn tán, tó tan iná,
òsì a jáde, a na ara, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Fèrèsé mẹ́sàn-án. Ibùsùn ọmọ kan.
Àtẹ̀gùn tí Fenella já bọ́ lórí rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Mo ní a lè gbẹ́ ìdìmú tuntun fún un, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún,
kò ju wákàtí kan lọ.
Ó wò mí bí ẹni tó ní kó ta ajá rẹ̀.
Ó gbé ìfági sí òsì tirẹ̀, ó tì í.
Èérún àkọ́kọ́ nípọn lápá kan, ó fẹ́lẹ́ lápá kejì, ó já.
Kò dára rárá.
Ó ká a sínú àpò.

Ilẹ̀kùn Dugald ṣì ń wú.
Ó ní kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn lọ́jọ́ náà.
Òótọ́ ni.