Etí Òsì

Etí ni mo fi ń jẹun ní Kàbà.
Adájọ́ á sọ tirẹ̀, ẹlẹ́rìí á sọ tirẹ̀,
ẹ̀rọ á gbà á sílẹ̀,
èmi á jókòó ti fèrèsé tó kọjú sí òkè,
máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.
Ẹni tó ń fi etí jẹun kì í fi etí ṣeré.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, hẹ́dífóònù mẹ́ta ni mo rà láàárín oṣù mẹ́sàn-án.
Èkíní kú níbi ọrùn wáyà.
Èkejì fọ́ bí ìkarahun ìgbín lábẹ́ bàtà.
Ẹ̀kẹta kò ní wáyà rárá, ó ń tàn yòò,
ó dùn bí oyin,
títí bátìrì inú rẹ̀ fi sùn tí kò jí mọ́.
Mo gbé e lọ bá Olúkòtún tó ń tún rédíò ṣe.
Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní,
"Ìyá Ṣínà, níbo ni wọ́n gbà wọ inú eléyìí?
Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Kò sí nọ́ọ̀tì.
Ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ibo ni oníṣègùn fẹ́ gbà tọ aláìsàn lọ?"

Látìgbà náà, ìbéèrè mi yí padà.
Ṣé okùn rẹ̀ ṣeé yọ? Ṣé tìmùtìmù etí rẹ̀ ṣeé pààrọ̀?
Ẹ fi nọ́ọ̀tì hàn mí.
Ọmọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín:
"Màmá, ìró ni àwọn èèyàn ń bèèrè."
Mo ní, ìró ọdún wo?

Ìsánlú ni mo ti rí i,
nílé ìgbohùnsílẹ̀ kan tó ń palẹ̀ mọ́:
dúdú, wúwo, irin ni ọ̀já orí rẹ̀,
okùn rẹ̀ lọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀,
nọ́ọ̀tì mẹ́rin, tí wọ́n ti dípẹtà díẹ̀.
Owó oṣù kan ààbọ̀. Mo san án.
Gààrí àti ẹ̀pà ló bá mi parí oṣù náà.

Ọdún mẹ́rìnlá rèé.
Eku ti jẹ okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ́dún tí ọyẹ́ le, tìmùtìmù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó,
ó ń já sí mi lọ́rùn bí èèpo àlùbọ́sà.
Àbúrò mi ní Ògìdì gé àjákù aṣọ òfì ránṣẹ́,
a rán an, a ki òwú sí i nínú.
Akọ̀wé àgbà ní ó dà bí fìlà tó ya sí méjì.
Mo dákẹ́. Etí mi ò rojọ́.

Àfi bí etí òsì ṣe dákẹ́.
N ò tètè mọ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo ń tẹ̀,
Arókoyọ̀ àti Olúmọrótì, ọmọ bàbá kan náà,
tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.
Kí ìbúra tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan wúkọ́, àga kan dún,
mo kọ ọ́ síbẹ̀: ariwo.

Olúkòtún tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sínú ìdérí ìgò,
ó fi òjé gbígbóná kàn án lẹ́ẹ̀kan péré,
èéfín kékeré,
"Ó parí. Ẹ mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wá."

Mo padà sídìí ẹjọ́ náà.
Lábẹ́ ikọ́ yẹn, lápá òsì,
ohùn àgbàlagbà kan, jẹ́jẹ́, kì í ṣe sí adájọ́:
"Okun o, Olúmọrótì."
Ìdákẹ́jẹ́. Àga.
"Okun o, ẹ̀gbọ́n."
Lẹ́yìn náà wọ́n búra,
wọ́n sì bú ara wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo pa ariwo rẹ́. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.
Bóyá adájọ́ ka ojú ìwé yẹn, n ò mọ̀.
Mo rọra ká okùn náà, n ò lọ́ ọ mọ́ nǹkan kan,
mo gbé e kọ́ sórí ìṣó.
Lọ́la, ẹjọ́ ewúrẹ́.